Àwọn Orin Máàṣì Àtijọ́ àti Ìwé Wọn: Ohun Tí Ó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

I.

Nínú orí kẹwàá Ìwé Númérì, Ọlọ́run pàṣẹ fún Mósè pé kí ó ṣe ipè fàdákà méjì. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá fọn méjèèjì, gbogbo ìjọ ni yóò pé jọ sí ẹnu ọ̀nà àgọ́. Bí ó bá ṣe ẹyọ kan ni a fọn, àwọn olórí nìkan ni yóò wá. Bí a bá sì fọn ti ìdágìrì, àwọn ibùdó yóò ṣí, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kò sí àṣẹ tí ó yé ni ju èyí lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni láyé lónìí tí ó lè fọn ọ̀kan ṣoṣo nínú ohùn wọ̀nyẹn. Ìwé pa ìlò ipè mọ́ fún wa. Kò pa ohùn rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Sáàmù kejìlélógún: ní orí rẹ̀ ni a kọ orúkọ orin tí a fi ń kọ ọ́ sí, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Àgbọ̀nrín Òwúrọ̀. Orúkọ kù, orin ti lọ.

A mú èyí ṣáájú kí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onífèrè ìta gbangba kò tó ohun tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ìjọ ń jókòó sọ. Ìwé àwọn orin máàṣì tí àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ fọn ní ìgbà àwọn bàbá wa ń gbó lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù àti nínú àpótí. Àwọn àgbà tí ó mọ bí a ti ń fọn wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a fẹ́ sọ lórí rẹ̀ kò pọ̀. Orin máàṣì kì í ṣe ti ìwé nìkan, kì í sì í ṣe ti etí nìkan. Ẹni tí ó tọ́jú ìwé láìtọ́jú ọ̀nà tí a gbà ń fọn ún, èèpo ni ó tọ́jú. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé etí láìní ìwé, orí ni ó gbé dání, ara ti bọ́ lọ. Àwa onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá sì ti ń ṣe àṣìṣe méjèèjì pọ̀.

II. Ibi tí orin náà ti wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé orin ogun ni máàṣì látòkè délẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun ni ó kọ́kọ́ lò ó, nítorí ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò lè kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ohun tí ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lancashire, Yorkshire àti Durham, àwọn awakùsà èédú, àwọn ahunṣọ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ó sọ ọ́ di orin ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a máa tò lọ ní ìgboro pẹ̀lú àsíá ìjọ wọn, ẹgbẹ́ onífèrè idẹ a sì máa ṣáájú wọn. Láti inú ìtòlọ yìí ni ìdíje àwọn onífèrè ti jáde ní 1884, tí a ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, tí a sì ń ṣe é ní àwọn abúlé Saddleworth títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Boys' Brigade bá ń fọn máàṣì yí ṣọ́ọ̀ṣì ká ní ọjọ́ ìkórè, orin náà kò ṣìnà bí a ti rò. Inú àgọ́ ogun ni a bí i sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọ ni ó ti dàgbà.

Àwọn tí ó kọ orin wọ̀nyí kì í ṣe ọlọ́lá. George Allan, tí a bí ní 1864 tí ó sì kú ní 1930, òṣìṣẹ́ ni ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Shildon. Òun ni ó kọ "Knight Templar" àti "Senator", tí àwọn ẹgbẹ́ ṣì fi ń díje lónìí. Ó ta orin rẹ̀ fún àwọn atẹ̀wé ní owó táṣẹ́rẹ́, òtòṣì ni ó sì kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni William Rimmer wà, ẹni tí ó kọ "Slaidburn" fún ẹgbẹ́ onífèrè abúlé kan tí ń jẹ́ orúkọ náà. Nínú ìjọ pẹ̀lú, ní ìlú Salisbury ní 1878, ọ̀gbẹ́ni Charles Fry, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé kíkọ́, àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta fi fèrè idẹ gbe àwọn oníwàásù Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà lẹ́yìn ní ìta gbangba. Láti inú ilé kan ṣoṣo yìí ni àwọn ẹgbẹ́ onífèrè Ìgbàlà ti tàn ká gbogbo ayé.

Bí ó ti dé etíkun tiwa yẹ fún ìrántí. Ní 1873 àti 1874, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Aṣántì jà, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù West Indies wá sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn wọ̀nyí ń fọn máàṣì fún ọ̀gá wọn nígbà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, orin ilé wọn ni wọ́n ń fọn. Àwọn ará Cape Coast àti Elmina gbọ́, wọ́n sì rí i pé idẹ tí a fi ń tò lọ sójú ogun ni a tún lè fi jó. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pe orin rẹ̀ ní adaha. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, ní àwọn abúlé tí kò ní owó fèrè, àwọn ọ̀dọ́ fi ẹnu àti ìlù ṣe ohun tí idẹ ń ṣe. Wọ́n wọṣọ bí ọmọ ogun, wọ́n sì ń tò. Èyí ni kónkómà, tí ó gba etíkun wá títí ó fi dé ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ilẹ̀ wa, Boys' Brigade bẹ̀rẹ̀ ní 1908, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà sì dé Èkó ní 1920. Nínú àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ onífèrè idẹ kan wà ní Èkó tí a mọ̀ sí Calabar Brass Band. Ilé iṣẹ́ Parlophone gba ohùn wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lábẹ́ orúkọ Lagos Mozart Orchestra. Ẹ wo orúkọ méjì yìí dáadáa. Ọ̀kan tọ́ka sí Kàlàbá, èkejì sí ọ̀gá olórin ilẹ̀ Austria. Síbẹ̀ ìgboro Èkó ni a ti ń jó orin wọn. Àwọn tí ó ń fọn ún kò ka ara wọn sí ẹrú orin òkèèrè. Wọ́n gba idẹ, wọ́n sì fi ṣe ohun tí ó wù wọ́n. Bí kì í bá ṣe àwo Parlophone ni, orúkọ ẹgbẹ́ náà nìkan ni ì bá kù fún wa, bí ti Sáàmù tí a mẹ́nu kàn lókè.

III. Bí a ti ṣe ìwé máàṣì

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ìwé máàṣì ní láti kọ́kọ́ mọ bí a ti ṣe é. Kì í ṣe ìwé kan. Ìdì káàdì kéékèèké ni, tí ó lè tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a gé ní ìwọ̀n tí a fi lè há wọn mọ́ ara fèrè, kí onífèrè lè máa kà á bí ó ti ń rìn. Ohùn kan ṣoṣo ni ó wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan: kọ́nẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, tróḿbóònù ní tirẹ̀, yufóníọ̀mù ní tirẹ̀, báàsì ní tirẹ̀, ìlù pẹ̀lú ní tirẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ìgbà náà kì í sábà tẹ ìwé ńlá tí gbogbo ohùn pé sí ojú kan fún olùdarí. Káàdì kọ́nẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni òun náà ń wò. Èyí dín owó kù fún àwọn ẹgbẹ́ òtòṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀la ni ó san gbèsè rẹ̀. Níbi tí ìwé àpapọ̀ kò sí, bí káàdì yufóníọ̀mù bá ti sọnù nínú ìdì, kò sí ojú ìwé mìíràn nínú ìdì náà tí a ti lè rí ohùn yẹn kà.

Ọgbọ́n kan tún wà nínú káàdì wọ̀nyí tí àwọn olùkọ́ orin wa yóò fẹ́. Nínú ẹgbẹ́ idẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá yọ tróḿbóònù báàsì àti àwọn ìlù sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni a fi kọ orin gbogbo fèrè yòókù. Ìka tí ọmọdé tẹ̀ fún àmì kan lórí kọ́nẹ́ẹ̀tì kékeré ni yóò tẹ̀ fún àmì kan náà lórí báàsì ńlá tí ó ga tó o. Nítorí náà, bí ẹni tí ń fọn báàsì bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ kọ́nẹ́ẹ̀tì lè gba ipò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ kò sì ní dúró. Ẹni tí ó bá fi dò-rè-mí kọ́ orin, èyí tí à ń pè ní sọ́fà, yóò mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni: dò kì í ṣe ohùn kan pàtó, ipò ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara orin náà pẹ̀lú. Máàṣì a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpè kúkúrú tí ń jí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpín kìíní, tí àwọn kọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbé orin lókè. Ní ìpín kejì, ọ̀rọ̀ a sábà bọ́ sí ẹnu àwọn àgbà: báàsì, tróḿbóònù àti yufóníọ̀mù ni ó ń sọ ọ́ nísàlẹ̀, tí àwọn kékeré ń dáhùn lórí wọn. Nígbà náà ni ìpín tí à ń pè ní trio yóò wọlé, tí fà ti àtẹ̀yìnwá yóò di dò, tí ara yóò sì tù. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí fi hàn. Bí a bá pàdánù àwọn káàdì ìsàlẹ̀, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ni a pàdánù. Orin ìpín kejì gan-an ni ó lọ, nítorí inú wọn ni ó wà. Ìdì tí ó bá ku kọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan dà bí ìjíròrò tí a gé ọ̀rọ̀ àgbà kúrò nínú rẹ̀, tí ó ku "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ti ọmọdé.

IV. Ìwé kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán

Ẹni tí ó bá ti kó gbogbo káàdì rẹ̀ jọ lè rò pé iṣẹ́ parí. Kò parí. Ẹlẹ́rìí wa ni John Philip Sousa ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà (1854–1932), ẹni tí ó kọ máàṣì tí ó lé ní 130, tí ó sì darí ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọmọ ogun Marine láti 1880 dé 1892 kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Fèrè onígi wà pẹ̀lú idẹ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé rẹ̀ kan gbogbo onífèrè. Ìwé Sousa kò sọnù rárá. A tẹ̀ ẹ́, a sì tà á káàkiri ayé. Síbẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ń darí, kì í tẹ̀lé e tán. Ibi tí ìwé ní kí gbogbo fèrè dún, a máa dá kọ́nẹ́ẹ̀tì àti tróḿbóònù dúró ní ìgbà àkọ́kọ́, kí àwọn fèrè onígi ṣe é jẹ́jẹ́. Ní ìgbà àtúnfọn ni gbogbo wọn yóò wá bú jáde. Onílù ńlá rẹ̀, August Helmecke, a sì máa lu ìlù líle sí àwọn ibi tí ìwé kò dárúkọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá fọn ìwé náà bí a ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ̀ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fọn kọ́ ni Sousa fọn.

Kí ni ó gba èyí là? Frank Simon, tí ó ti fọn kọ́nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ Sousa, sọ ohun tí ó rántí fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ onífèrè ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1960, a sì gba orin náà sílẹ̀ lọ́nà tí ó là sílẹ̀. Láti 2015, ẹgbẹ́ Marine bẹ̀rẹ̀ sí tẹ gbogbo máàṣì rẹ̀ jáde lọ́tun, pẹ̀lú ohùn tí a gbà sílẹ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. A yin iṣẹ́ yìí nítorí pé kò da ọ̀rọ̀ ìwé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìrántí. Ẹni tí ó bá ń kà á lè mọ èyí tí a tẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe àti èyí tí àwọn onífèrè fi kún un. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, ti àwa tí a óò lò ó ni. Ó rọrùn jù fún ìrántí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti di òfin fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké tí wọ́n fọn orin kan náà ní ọ̀nà tiwọn kò ní Frank Simon tiwọn, a kò sì ní gbọ́ wọn mọ́.

Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1883 ni wọ́n dá ẹ̀ka orin sílẹ̀ tí Richard Slater sì jẹ́ olórí rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ onífèrè wọn kankan má ṣe fọn orin tí kì í ṣe ti ilé ìtẹ̀wé wọn. Àṣẹ yìí le, ó sì ní ibi tí ó ti dára. Nítorí pé ilé kan ni ó ń tẹ̀ ẹ́, ilé kan náà ni ó ń pa á mọ́. Nínú àkójọ yẹn ni iṣẹ́ George Marshall wà, olùdarí ẹgbẹ́ onífèrè ní South Shields, ẹni tí ìjàǹbá inú kòtò èédú sọ di arọ, tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tò mọ́, síbẹ̀ tí ó ń jókòó kọ máàṣì fún àwọn tí ń tò. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà ní ibi tí ó ti burú. Orin tí àwọn ẹgbẹ́ Ìgbàlà ilẹ̀ mìíràn bá dá fúnra wọn, bí kò bá dé Lọ́ńdọ́nù kí a tẹ̀ ẹ́, kò sí àyè fún un láti wà láàyè. Ilẹ̀kùn tí a tì kí olè má baà wọlé ni a tún tì mọ́ ọmọ onílé.

V. Ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí a jẹ́ kí ó parun

Àwọn kan wà tí kò gbà pé ó yẹ kí a ṣe wàhálà lórí nǹkan wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní orin àwọn tí ó ṣẹ́gun wa ni. Ní 1892 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní 1895 wọ́n yìnbọn ńlá sí ìlú Ọ̀yọ́. Kí ni ọmọ ẹni tí a ṣẹ́gun ń wá nínú orin ẹsẹ̀ aṣẹ́gun? Mojola Agbebi pẹ̀lú, nínú ìwàásù rẹ̀ ní Èkó ní 1902, fi yé àwọn ènìyàn pé ìwé orin òkèèrè, dùùrù àti aṣọ àwọn akọrin kì í ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn Kristi; a lè mú wọn kúrò kí ìgbàgbọ́ sì dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. K. E. Phillips (1884–1969), tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 dé 1962, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní 1953 pé ohùn orin tí kò bá bá ohùn ọ̀rọ̀ wa mu a máa ba ìtumọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí dájú: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n nípá.

A gba ẹ̀rí àwọn àgbà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ẹ̀sùn náà bá máàṣì mu. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Phillips rí ni pé a fi orin àjèjì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá, orin sì yí ọ̀rọ̀ lọ́rùn. Máàṣì kò ní ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nínú gbogbo orin tí ó ti òkèèrè wá bá wa, òun nìkan ni a kò lè fi ẹ̀sùn yìí kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, Yorùbá kì í gbọ́ ìlù tàbí fèrè kí ó má wá ọ̀rọ̀ fún un. Bí orin àìlọ́rọ̀ bá ti gba ìgboro kọjá lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọdé yóò ti rí ohun tí ó ń sọ, wọn a sì máa fi ẹnu gbè é. Ọ̀rọ̀ tí a bá fún un báyìí a máa tẹ̀lé ìró orin láìṣìnà, nítorí inú ìró náà gan-an ni a ti gbọ́ ọ. Ẹ wo bí ọ̀nà méjèèjì ti yàtọ̀ tó: nínú hímù tí a túmọ̀, ọ̀rọ̀ ń du ipò pẹ̀lú orin, nínú máàṣì tí ìgboro fún ní ọ̀rọ̀, orin ni ó bí ọ̀rọ̀. Ohun tí Phillips ń wá nínú ilé Ọlọ́run, àwọn ọmọ ìta ti ń ṣe é láìmọ̀. Kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sórí káàdì.

Ní ti ogun, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbàgbé Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sun ìwé kò tú ẹjọ́ ká. Ẹlẹ́rìí nìkan ni ó pa. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ bí ilẹ̀ yìí ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, àti bí àwọn baba wọn ti gba irin iṣẹ́ àjèjì náà tí wọ́n sọ ọ́ di tiwọn, a kò lè fi àkójọ tí ó ṣófo kọ́ wọn. Phillips pàápàá kò ju dùùrù sígbó. Ọgbọ́n ìwé orin tí ó kọ́ ní òkèèrè ni ó fi kọ orin Yorùbá sílẹ̀ kí ó má baà parun. Alúfàá J. J. Ransome-Kuti gba ọ̀nà kejì: ní 1922 ó kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ́nù. Ọ̀kan fi ìwé sílẹ̀, èkejì fi ohùn sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé kò lè dé ibi tí ohùn dé, ohùn kò sì lè dé ibi tí ìwé dé.

VI. Ohun tí à ń gbọ́ lónìí

Ẹ lọ sí ibi ìsìnkú àgbà tàbí ibi ìgbéyàwó ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ ó rí àwọn onífèrè mélòó kan pẹ̀lú onílù tí wọ́n ṣáájú ẹbí. A kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹkún àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di ijó. Wọ́n lè ti inú hímù bọ́ sínú orin ìyìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni wo ìwé. Etí wọn mú.

Ṣùgbọ́n bí a bá fetí sílẹ̀ bí olùkọ́ ti í fetí sílẹ̀, a óò rí ohun tí ó sọnù. Gbogbo fèrè ni ó sáré lọ sórí orin òkè. Ohùn àárín tí ó yẹ kí ó kún inú rẹ̀ kò sí mọ́. Báàsì, bí ó bá tilẹ̀ wà, ìró kan tàbí méjì ni ó ń tẹ̀ bí ẹni ń gún iyán. Ìlù ni ó sì bo àyè tí ó ṣófo. Ìpín kejì máàṣì, níbi tí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀, ni a kọ́kọ́ gbàgbé, nítorí kò rọrùn fún etí láti gbà á lẹ́ẹ̀kan. A kò lè dá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lẹ́bi. Ẹni tí ó kọ́ wọn kò rí káàdì; ẹni tí ó kọ́ ẹni náà ni káàdì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí tí ikán ti jẹ. Etí a máa pa orí orin mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò ju ìran méjì lọ kí ó tó sọ ara rẹ̀ nù.

Ní ọwọ́ kejì, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ kan wà tí wọ́n ṣì ń wo ìwé, tí ohùn wọn sì pé, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fọn ún bí ẹni ń ka ìwé ìṣirò. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn ibi tí àwọn baba wọn ti ń rọra, ibi tí onílù ti ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣán an, tàbí ọ̀rọ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń fi gbè é. Ara pé, ẹ̀mí kò sí. Ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀mí, ara rẹ̀ ti gé. Bí àwọn méjèèjì yìí bá lè jókòó pọ̀ ní yàrá kan fún oṣù mẹ́ta, orin náà yóò jí.

VII. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Iṣẹ́ náà kò ju agbára ìjọ kan lọ, bí olùkọ́ kan àti ọ̀dọ́ méjì bá fi ọkàn sí i.

Èkíní, kí a wá àwọn ìwé náà rí: ní àjà ibi tí dùùrù wà, ní yàrá Brigade, ní ilé àwọn olùdarí tí ó ti kú kí àwọn ọmọ wọn tó palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí a ka káàdì kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ èyí tí ó wà àti èyí tí kò sí sílẹ̀. Èyí tí kò sí ní ilé ìjọ kan lè wà ní ilé ìjọ mìíràn.

Èkejì, kí a má fi ìtọ́jú pa á. Púpọ̀ nínú tákàdá ìgbà náà ni a fi igi lílọ̀ ṣe; oró inú rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tí ó sì ń mú un rún. Ẹni tí ó bá fi sẹ́lótépù lẹ̀ ẹ́ ń fi kún ìparun rẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ yóò wọ inú tákàdá, yóò sì dúdú bo àmì orin. Kí a tẹ́ wọn sílẹ̀ gbọọrọ nínú àpótí tí ó mọ́, tí kò kan ilẹ̀, níbi tí òjò àti ikán kò ti lè dé. Bí a bá fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ni kí a lò.

Ẹ̀kẹta, kí a ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan. Fóònù ọwọ́ wa tó fún èyí ní ojúmọmọ. Kí a má pa ohun tí àwọn àtijọ́ fi lẹ́ẹ̀dì kọ síbẹ̀ rẹ́. Orúkọ ẹni tí ó fọn ún, ọjọ́ tí wọ́n fọn ún, ìlà tí wọ́n fà sórí ibi tí wọ́n ń fò, gbogbo rẹ̀ ni ìtàn ìjọ náà. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí iná kan má baà jó gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí ni ó sì kánjú jù, kí a gba ohùn àwọn àgbà onífèrè sílẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fọn ohùn tirẹ̀ nìkan. Bí eyín rẹ̀ bá ti lọ, kí ó fi ẹnu kọ ọ́ ní sọ́fà. Kí a bi í ní ibi tí wọ́n ti ń yà kúrò lójú ìwé, kí a sì bi í ní ọ̀rọ̀ tí ìgboro fún orin náà. Lẹ́yìn náà kí a kọ gbogbo ohùn pọ̀ sójú ìwé kan, ní àmì orin àti ní sọ́fà. Ohun tí a tẹ̀ ni kí a fi yíǹkì dúdú kọ, ohun tí a rántí ni kí a fi pupa kọ, kí àwọn tí ń bọ̀ lè mọ ti ìwé yàtọ̀ sí ti ẹnu.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin dúró fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tí ó kọ ọ́ kú. Orin tí George Allan kọ ti bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé nígbà náà, ti Rimmer tí ó kú ní 1936 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ti Phillips ṣì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ títí di ìparí 2039, a sì gbọdọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí a tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn.

Ìkẹyìn, kí a fọn ún. Ìwé tí a tọ́jú sínú àpótí tí a kò fọn, òkú tí a fi òróró pa ni. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tí ó ní ẹgbẹ́ onífèrè yan máàṣì àtijọ́ kan ṣoṣo lọ́dọọdún, kí wọ́n kọ́ gbogbo ohùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fọn ún ní ìta gbangba ní ọjọ́ ìkórè, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n jókòó síbẹ̀ láti tọ́ wọn sọ́nà. Ní ọdún mẹ́wàá, mẹ́wàá yóò ti jí dìde. A kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ dúró de ọlọ́rẹ láti òkè òkun. Àwọn tí ó kọ orin wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Àwọn tí ó fọn ún ní ìgboro wa, iṣẹ́ oòjọ́ ni wọ́n ti ń dé kí wọ́n tó gbé fèrè. Ohun tí àwọn tálákà fi ọwọ́ ara wọn ṣe, kò yẹ kí ó ti ọwọ́ àwa tí a kàwé parun.